Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwádìí Tuntun Wò Kí A Tó Gbà Á Gbọ́

Ìwé ìwádìí kan lè gùn tó ogójì ojú ewé, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ẹ bá kà á tán kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí àṣìṣe máa ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, ibẹ̀ sì yàtọ̀ láti ìmọ̀ kan sí òmíràn. Nínú ìṣègùn, ó sábà máa ń wà nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn aláìsàn. Nínú ọrọ̀ ajé, ó máa ń wà nínú ohun tí wọ́n kà mọ́ ìṣirò àti ohun tí wọ́n yọ kúrò. Ní ti físíìsì, ara ẹ̀rọ ló máa ń wà.

Irú ìwé wo ni?

Ẹ má fi ìròyìn ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá nọ́ńbà DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé náà), èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, kí ẹ kọ doi.org/ síwájú rẹ̀. Yóò gbé yín dé orí ìwé náà gan-an. Tó bá jẹ́ orí arXiv, bioRxiv tàbí medRxiv (àwọn ìkànnì tí onímọ̀ ń gbé iṣẹ́ tuntun sí) ló gbé yín lọ, àwọn akẹgbẹ́ onímọ̀ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò fún jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìwé NBER, àjọ ìwádìí ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ò sọ wọ́n di irọ́. Láti 1991 ni àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń gbé iṣẹ́ wọn sí arXiv kí jọ́nà tó gbà á. Àmọ́ tó bá kan oògùn, ẹ má torí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yí ohun tí ẹ ń lò padà.

Èyí tí jọ́nà ti gbà náà, tó bá jẹ́ ti ìṣègùn, ẹ wá a ní PubMed, àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn, kí ẹ wò bóyá wọ́n ti kọ "Retracted" sí i lórí, ìyẹn ni pé wọ́n ti fà á sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, 2020, jọ́nà ìṣègùn The Lancet gbé ìwé kan jáde lórí lílo hydroxychloroquine, oògùn ibà, fún COVID-19, tó ní àkọsílẹ̀ aláìsàn 96,032 láti ilé ìwòsàn 671 lòun lò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, wọ́n fà á sẹ́yìn, nítorí ilé iṣẹ́ tó kó àkọsílẹ̀ náà jọ kò gbà kí àwọn ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹ wá ìpínrọ̀ tó sọ ibi tí dátà wà àti ẹni tó lè rí i. Ìpínrọ̀ náà sábà máa ń wà ní ìparí ìwé, kì í sì í ju ìlà mẹ́ta lọ.

Ìwé lórí oògùn

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló yan ẹni tí yóò gba oògùn? Tó bá jẹ́ kèké ni wọ́n fi pín wọn, ó dára. Tó bá jẹ́ dókítà tàbí aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yàn, àwọn tó gbà á lè ti yàtọ̀ sáwọn yòókù kí oògùn tó kàn wọ́n lẹ́nu: wọ́n lè kéré lọ́jọ́ orí, ara wọn sì lè ti le tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ tààrà síbi àtẹ tí iye àwọn tó kú tàbí àwọn tó sàn wà. Ẹ wo ìwádìí RECOVERY tí wọ́n ṣe ní Britain ní 2020, níbi tí wọ́n ti fi kèké pín àwọn aláìsàn COVID-19. Àwọn 2,104 gba oògùn dexamethasone, mílígíráàmù 6 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá ó pẹ́ jù. Àwọn 4,321 kò gbà á. Láàárín ọjọ́ 28, 22.9% kú nínú àwọn tó gbà á, 25.7% sì kú nínú àwọn tí kò gbà á. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì: 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àbí? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tó tẹ̀ lé e nínú àtẹ náà. Lára àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 29.3% ló kú pẹ̀lú oògùn, 41.4% láìsí i. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 12.1. Ẹ fi 12.1 pín 100, ẹ ó rí bíi 8: tí aláìsàn mẹ́jọ irú èyí bá gbà á, ẹ̀mí ẹnì kan là. Oògùn tó rọrùn láti rí kiri ayé ló ṣe bẹ́ẹ̀, ohun ìdùnnú ńlá sì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn náà. Lára àwọn tí kò nílò ọ́síjìn, 17.8% kú pẹ̀lú oògùn, 14.0% láìsí i. Ìpín wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàtúnṣe fún ọjọ́ orí, jẹ́ 1.19 (1 túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀). Ìwé náà tún kọ àlà méjì tí iye gidi lè wà láàárín wọn: ti ìsàlẹ̀ kò tó 1, ti òkè sì kọjá 1. Nígbàkígbà tí àlà méjèèjì bá fi 1 sáàárín báyìí, a kò lè sọ pé oògùn náà pani lára, a kò sì lè sọ pé ó ṣe wọ́n lóore. Ẹni tó bá gbọ́ "ó ń gbani là" tó sì lọ gbé e mì nílé, ìlà yìí ni kò kà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdá tí wọn kò sọ ohun tó jẹ́ ìdá rẹ̀. Lecanemab, oògùn àìsàn Alzheimer, ni wọ́n ní ó dín bí àìsàn náà ṣe ń le sí i kù ní 27%. Nínú ìwádìí náà, ènìyàn 1,795 ni wọ́n tọ́pa fún oṣù 18. Lórí òṣùwọ̀n tó gùn dé 18, àwọn tó gba oògùn fi 1.21 burú sí i, àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo fi 1.66. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.45, 0.45 yìí, tí ẹ bá fi 1.66 pín in, ló di 27%. Iye méjèèjì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n 0.45 nínú 18 ni yóò sọ fún ìdílé ohun tí wọ́n lè retí. Ẹ wá ewu rẹ̀ pẹ̀lú: ọpọlọ wú nínú àwòrán 12.6% lára àwọn tó gbà á, 1.7% lára àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ máa ń fò. Ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT nínú ìwé náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí oògùn sílẹ̀. Ẹ ó rí ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n bá yí i padà. Tí wọ́n bá ní ikú làwọn fẹ́ kà, tó wá jẹ́ orí fífọ́ ni wọ́n ń pariwo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ikú má dín kù rárá. Tó bá sì jẹ́ eku ni wọ́n dán an wò lára, ọ̀nà ṣì jìn.

Ọrọ̀ ajé

Níbí, kì í sábà sí kèké, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi kèké pín orílẹ̀-èdè sí méjì. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé David Card àti Alan Krueger wo ilé oúnjẹ 410 nígbà tí ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà gbé owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan ní 1992. Pennsylvania tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò yí tirẹ̀ padà, ni wọ́n fi wé e. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé: ṣé ibi méjèèjì ti ń rìn bákan náà kí òfin tó dé? Tí ìwé kò bá fi àwọn ọdún tó ṣáájú hàn, ẹ má fọkàn tán an púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí wọ́n yọ kúrò. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá ju 90% iye gbogbo ohun tó ń pèsè lọ́dún (GDP) lọ, ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń fi 0.1% súnkì. Ní 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní University of Massachusetts Amherst, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì, tún un ṣírò. Wọ́n rí i pé ó ń fi 2.2% dàgbà. Àṣìṣe inú Excel tó fo orílẹ̀-èdè márùn-ún ló gbajúmọ̀, àmọ́ òun kọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe ṣe ìpíndọ́gba náà ni: ọdún kan ṣoṣo tí wọ́n kà fún New Zealand nínú ẹgbẹ́ onígbèsè ńlá yìí, 1951, wúwo bákan náà pẹ̀lú ọdún 19 ti Britain. Ẹ gba fáìlì dátà náà sílẹ̀, kí ẹ ka iye ìlà tó wà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Físíìsì

Síígmà ni wọ́n fi ń wọ̀n bí ó ṣe ṣòro tó kí ohun tí wọ́n rí jẹ́ kòńgẹ́ lásán. Márùn-ún ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó pè é ní àwárí, ìyẹn bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 3.5. Mẹ́ta kò tó, pàápàá tó bá jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi ni wọ́n ti wá a.

Síígmà kò mọ̀ nípa wáyà tó tú. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, àwọn onímọ̀ ìwádìí OPERA kéde pé neutrino (ègé kékeré jọjọ kan) láti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Switzerland, dé Gran Sasso ní Italy, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, ní nanosecond 60 ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Síígmà rẹ̀ jẹ́ 6. Wáyà tó ń gbé àkókò GPS wá bá aago wọn ni kò wọlé dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìyára náà pòórá. Nítorí náà, ẹ̀rọ kejì tí àwọn ẹlòmíràn kọ́ ni kí ẹ máa wá.

Tí ẹ̀rọ méjì bá ti wọn ohun kan náà, ẹ lè ṣírò bóyá wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ìwádìí CDF ní Amẹ́ríkà ní ìwúwo W boson, ègé kékeré kan, jẹ́ 80,433.5 ± 9.4 MeV (2022); iye tó tẹ̀ lé ± ni bí wọ́n ṣe lè ṣì í tó. Ìwádìí CMS ní CERN ní 80,360.2 ± 9.9 (2024). Ẹ yọ wọ́n: 73.3. Ẹ fi 9.4 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 9.9, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì √ lórí ẹ̀rọ ìṣirò: 13.7. Ẹ fi pín 73.3, ẹ ó rí bíi 5.4. Kò sí bí méjèèjì ṣe lè tọ̀nà. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 80,357 ± 6 tí Standard Model, àbá tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń ṣàlàyé àwọn ègé kékeré wọ̀nyí, ń retí: CDF fẹ́rẹ̀ẹ́ fi síígmà 7 jìnnà sí i, CMS kò jìnnà tó síígmà kan.