Bẹ́líìtì aago tí kò wọlé, tó ń mì, tó ń já bọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ̀nà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Aago olówó gọbọi wà lọ́wọ́, ṣéènì rẹ̀ ti sú ẹni tó ni ín, ó ra bẹ́líìtì olówó pọ́ọ́kú, bẹ́líìtì dé, kò bá a mu. Aago tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ṣe ara rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí kò ní etí méjì tó yọ síta bíi ti aago yòókù. Audemars Piguet Royal Oak, tí Gérald Genta ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1972, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Patek Philippe Nautilus tẹ̀lé e ní 1976, Genta náà ló yà á. Tissot PRX, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1978, tí wọ́n sì tún gbé wá ní 2021, ni mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo, torí pé owó rẹ̀ kò ga tó ti àwọn méjì yẹn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó.

"Ọ̀gá, bẹ́líìtì 20 mìlímítà ni mo rà, ìyẹn tí gbogbo èèyàn ń lò. Kí ló dé tí kò wọlé?"

Torí pé aago yín kò ní àyè 20. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Àárín ni àyè tí bẹ́líìtì ń wọ̀ lára irú aago yìí wà, ó sì kéré. Ti PRX tí fífẹ̀ ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40 jẹ́ mìlímítà 12 péré. Ṣùgbọ́n 12 nìkan kò tó o! Bẹ́líìtì tó bá a mu ní ahọ́n ní àárín, èyí tó ń wọ inú irin, ó sì ní èjìká ní ọ̀tún àti ní òsì, tó fẹ̀ tó ara aago. Bí ẹ bá ra bẹ́líìtì gbọọrọ tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 12, yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú aago á fẹ̀ rẹpẹtẹ, bẹ́líìtì á sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ti fi owó ṣòfò nìyẹn.

"Kí ni kí n sọ fún ẹni tó ń tà á?"

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aago. Orúkọ aago nìkan kò tó, torí orúkọ kan náà lè wà lára aago 35 àti 40, bẹ́líìtì wọn kò sì bára mu. Ẹ yọ ṣéènì, ẹ ya fọ́tò ẹnu ibi tí bẹ́líìtì máa wọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Bó bá ní "gbogbo aago ló ń wọ̀", ẹ wá ẹlòmíràn.

"Píìnì kò wọlé."

Píìnì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú ahọ́n bẹ́líìtì kọjá, tí orí rẹ̀ ń wọ ihò inú irin aago. Ẹ wo inú bẹ́líìtì. Ìkọ kékeré ara píìnì, tí èékánná ń fà, gbọ́dọ̀ kọjú sí awọ ọwọ́ yín. Bó bá kọjú síta, ẹ ti fi ẹ̀yìn bẹ́líìtì ṣe ojú rẹ̀.

"Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò jókòó dáadáa sí mi lọ́wọ́."

Ẹ̀gbẹ́ tó ní irin ìdè máa ń wà lókè, níbi 12. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn, tó ní ihò, máa ń wà nísàlẹ̀, níbi 6.

"Ó ń rùn, ọwọ́ sì ń yún mi."

Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Òógùn tó há sábẹ́ rẹ̀ ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tàbí tó wú, ẹ bọ́ ọ, kí ẹ lọ rí dókítà.

"Ṣé a lè fi adìrẹ ṣe é? Ìlú aró la wà."

Ó wù mí, mo sì ti rí èyí tó rẹwà gan-an. Ẹ jẹ́ kí aránbàtà tó mọṣẹ́ lẹ adìrẹ mọ́ ojú awọ, kó rán an yí ká, kó sì lo bẹ́líìtì àtijọ́ yín láti gé ahọ́n àti èjìká rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ náà kan awọ ara yín, torí aró máa ń yà nígbà tí òógùn bá dé bá a. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ lọ sí ẹ̀bá odò nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Awọ tí omi bá rin gbingbin, tó sì gbẹ lójú oòrùn, á le, ahọ́n rẹ̀ á ya.

"Ó wọlé dáadáa, píìnì dún, mo fà á títí, kò jáde. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ̀ ọ́, á já bọ́."

Èyí ni mo bá jìjàkadì jù lọ nínú gbogbo wọn, torí náà ẹ ní sùúrù kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ wá, bẹ́líìtì rọ́bà dúdú. Tó bá ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde, tó gbé ọwọ́ sókè kó ná onílù lówó, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ á bọ́. Ẹni tó tà á fún un sọ pé píìnì ni kò dáa, ó sì fún un ní píìnì òmíràn. Òmíràn náà bọ́.

Ihò inú irin ni mo kọ́kọ́ wò, ihò kóńkóló tí orí píìnì ń wọ̀. Òógùn àti ìdọ̀tí ti gbẹ sínú rẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti igi ìtayín họ ọ́ mọ́, píìnì sì wọlé jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara ohun tó ń ṣe é nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí bẹ́líìtì náà tún bọ́, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Ìkọ ara píìnì ni mo fura sí lẹ́yìn ìyẹn. Bí àyè tí wọ́n gé fún ìkọ náà nínú rọ́bà bá há jù, rọ́bà lè tì í nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀, kó sì fa píìnì jáde fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi píìnì lásán tí kò ní ìkọ sí i, nínípọn kan náà. Ó tún bọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé nǹkan kan ń gbún píìnì jáde láti ìta.

Mo wá fi awò wo èjìká rẹ̀. Ọ̀tún ń dán, òsì kò dán. Mo bu atíkè díẹ̀, mo fi pa etí irin níbi tí èjìká máa ń kàn, mo dá bẹ́líìtì padà, mo sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ìgbà tó bá yí ọrùn ọwọ́ po. Nígbà tí mo yọ ọ́, atíkè ti kùn èjìká ọ̀tún funfun, díẹ̀ bíńtín ló wà lára tòsì. Bí wọ́n ṣe dà á láti ilé iṣẹ́ ni èjìká ọ̀tún fi ga ju èkejì lọ. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀, èjìká yẹn ló ń gun irin, tó sì ń gbé ahọ́n sókè kúrò níhà kan. Ìdí nìyí tí fífà kò fi hàn án. Téèyàn bá fà á gbọọrọ, èjìká kì í kan nǹkan kan. Títẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Mo wé sáńdípépà nọ́ńbà 400 mọ́ igi pẹlẹbẹ, mo rọra fi ha èjìká náà, mo tún fi atíkè dán an wò, títí tí ọ̀tún àti òsì fi dọ́gba. Mo fi nọ́ńbà 800, èyí tó kúnná jù ú lọ, parí rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀. Láti ìgbà náà kò bọ́ mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, bẹ́líìtì nìkan ni kí ẹ ha. Sáńdípépà kò gbọ́dọ̀ kan irin aago rárá. Ẹ má sì ha ahọ́n, torí ibẹ̀ ni píìnì ń gbà kọjá, bó bá tínrín yóò ya. Tó bá jẹ́ awọ, ẹ gbé e fún aránbàtà. Bí ihò inú ahọ́n bá ti fẹ̀ débi pé píìnì ń mì nínú rẹ̀, ẹ jù ú nù, kò sí àtúnṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra òmíràn, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lára aago níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.

"Ṣé mo lè yọ ṣéènì Royal Oak fúnra mi?"

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, rárá!

Ọ̀pọ̀ ló rò pé irin 8 onígun mẹ́fà tó wà lójú rẹ̀ ló di ṣéènì mú. Òun kọ́. Orí wọn há sínú ojú aago, wọn kì í yí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dè wọ́n. Àwọn ló fún ojú, ara àti rọ́bà tó ń dá omi dúró pọ̀. Ẹni tó bá tú wọn ti ṣílẹ̀kùn fún omi. Ohun tó di ṣéènì mú wà níbi tí òun àti ara aago ti pàdé, irinṣẹ́ tó ṣe wẹ́kú ni wọ́n sì fi ń tú u. Bí irinṣẹ́ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò fá irin, ojú àfá náà kò sì ní fara sin.

Ẹ má gbé e fún ẹni tó ní irinṣẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́ agboòrùn lọ́jà. Ẹ wá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kó sì fi iṣẹ́ tó ti ṣe hàn yín. Ohun kan náà ni mo sọ fún ẹnikẹ́ni tó jẹ́ pé síkúrù ló di ṣéènì aago rẹ̀ mú, tí síkúrù náà sì ti há. Ẹ má fi agbára yí i.

Ti Vacheron Constantin Overseas láti 2016 àti Cartier Santos láti 2018 yàtọ̀. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó ni ín lè fi ọwọ́ lásán pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì olówó pọ́ọ́kú fún wọn gbọ́dọ̀ ní irin orí tó bá ti aago mu, kó sì wọlé kó dún. Bí kò bá dún, ẹ má gbé e jáde nílé.

Ní ti ẹni tó bá bá yín ṣe é, ẹ gba ṣéènì àtijọ́ àti gbogbo síkúrù rẹ̀ padà sínú ọ̀rá kan kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.