Bí mo ṣe wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ìkókó láti orí àwùjẹ̀

Ọmọ ọjọ́ 3 ni, ní Kàbà, nígbà ọyẹ́. Oyún rẹ̀ pé oṣù, àmọ́ ó pẹ́ kó tó ké nígbà tí wọ́n bí i. Mo ti fèrèsé, mo gbé ike jẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ ìyàwòrán inú ara (ultrasound) sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Jẹ́ẹ̀lì tútù á jí ọmọ, bí ọmọ bá sì ń ké, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní dúró sójú kan. "Ókun o, ìyá ọmọ. Ẹ fún un lọ́mú yó ná." Ó mu ún, ó sùn, kò sí pé à ń fún un lóògùn oorun.

Mo fi oògùn apakòkòrò nu próòbù kékeré, ojú ẹ̀rọ tí à ń gbé lé ara, èyí tí ìró rẹ̀ wà láàárín 5 sí 8 MHz. Mo da jẹ́ẹ̀lì sórí àwùjẹ̀ dáadáa, mo gbé próòbù lé e, mo tọ́ ọ láti iwájú orí lọ sẹ́yìn. Afárá tó so apá ọpọlọ méjèèjì pọ̀ hàn, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo tan àwọ̀ Doppler, èyí tó ń fi ìṣàn ẹ̀jẹ̀ hàn: iṣan tí mò ń wá, iṣan ẹ̀jẹ̀ iwájú ọpọlọ, pọ́n níwájú ibi tó ti tẹ̀ náà. Mo fi àmì ìwọ̀n 1 sí 2 mm sáàárín rẹ̀, igun kò tó 20°.

Kíkà àkọ́kọ́ fún iye ìdènà ìṣàn ẹ̀jẹ̀ (RI) jẹ́ 0.85, ó ga jù. Ọwọ́ mi ló tẹ àwùjẹ̀! Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìfúnpá inú orí á ga, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn láàárín ìlù ọkàn méjì á dín kù, RI á sì ga. Mo fi ọmọńdinrín gbára lé iwájú orí ọmọ, mo jẹ́ kí próòbù léfòó lórí jẹ́ẹ̀lì títí mo fi rí ìlà dúdú jẹ́ẹ̀lì láàárín òun àti awọ orí. Ẹ má tíì gba iye kankan gbọ́ bí ẹ ò bá rí ìlà yẹn.

Ìyára tó ga jù wá jẹ́ 40 cm/s. Èyí tó kù kí ọkàn tó tún lù, 12. Mo yọ 12 nínú 40, mo fi 40 pín 28: RI jẹ́ 0.70. Láàárín 0.6 sí 0.8 ni ti ọmọ tó pé oṣù sábà máa ń wà. Bí ti ọmọ tí afẹ́fẹ́ wọ́n fún nígbà ìbí bá wá wálẹ̀ ju 0.55 lọ, ẹ tètè pe dókítà.

Asẹ́ ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ibi tó kéré jù ni mo fi í sí. Bó bá ga, á sẹ́ ìṣàn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ dànù, ẹ ó sì rò pé ẹ̀jẹ̀ dúró.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmì ìwọ̀n ooru (TI) tí ẹ̀rọ gbé jáde kò kọjá 0.7, mo sì pa Doppler kíá. Mo nu jẹ́ẹ̀lì, mo dé fìlà ọmọ padà, mo kọ ọ́ sínú káàdì pé ó ń sùn nígbà tí mo kà á.