Ìwé tí mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó du iṣẹ́ ilé àtòpọ̀

Iṣẹ́ kọ́ńtírátọ̀ ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ilé tí wọ́n ń kọ́ parí ní fáktírì, tí a wá ń tò pọ̀ sórí ilẹ̀, ìwé rẹ̀ ló máa ń dá wa lágara ju títò rẹ̀ lọ. Lọ́dún kan, a du iṣẹ́ yàrá ìkàwé. Tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé a ti san owó orí, ti ọdún 2 la fi sílẹ̀, ọdún 3 ni wọ́n béèrè. Àpòòwé tí iye owó wa wà nínú rẹ̀, wọn ò já a rárá. Ó dùn mí wọra.

Nítorí náà, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 ní kí ìpolówó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé jáde wà níta fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán. Ẹ má sùn lé e. Ẹ kó ìwé CAC (ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́), tax clearance, ti PENCOM (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́), ti ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti ti NSITF (ìdójútòfò òṣìṣẹ́ tó bá fara pa) jọ, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ilé pé ibo ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, oríṣi 2 ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ fún yín. Èyí tó jókòó sórí ṣáásí irin ń tẹ̀lé òfin HUD, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilé, láti 1976. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ óò rí irin pẹlẹbẹ pupa kékeré tí wọ́n kàn mọ́ abala kọ̀ọ̀kan. Oríṣi kejì, modular gidi, tí wọ́n ń kó wá ní yàrá-yàrá wá tò sórí ìpìlẹ̀, kì í ní i. Òfin ilé kíkọ́ ibi tí wọ́n máa gbé e kalẹ̀ sí ló ń tẹ̀lé. Ti Kánádà, CSA A277, ìwé ẹ̀rí ilé tí wọ́n kọ́ ní fáktírì, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ fáktírì. Ti ìlú Ọba, ìwé ẹ̀rí BOPAS ni, tó ń dúró fún ilé náà pé yóò lo ọdún 60 ó kéré tán. Síbẹ̀, bí ẹrù bá ti òkè òkun wọlé, SONCAP tiwa, àyẹ̀wò tí àjọ SON ń ṣe fún ọjà tó ń wọ Nàìjíríà, ṣì ń dúró dè é.

Ẹ wá wo ọ̀nà. Èmi máa ń fi ọ̀kadà lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́: mo ń wọn ìbú afárá, mo ń wo bí wáyà iná ṣe fà sílẹ̀ tó. Òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í ṣe ibi tí trélà tó gbé odidi yàrá ti ń yí padà. Ẹni tó máa san owó kéréènì, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n má baà já yàrá sílẹ̀ fún yín lẹ́bàá títì.