Bí a ṣe ń sọ iwájú ilé tó ti di igbó di ọgbà ẹ̀fọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ti gba iwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹ ò sì dáko rí, ẹ má fòyà. Agbára yín ká a, bí ẹ ò bá ti ní dandan ni kó parí lọ́jọ́ kan. Oṣù kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó mú àdá, ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ yí ilẹ̀ náà ká. Ẹ máa fi igi lu koríko níwájú yín, torí ejò àti àkeekèé fẹ́ràn abẹ́ búlọ́ọ̀kù àti páànù tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń pa jù, àti ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Ẹ wo ohun tó wúlò níbẹ̀ náà: gbúre, efinrin àti ètìpọ́nọ́lá sábà máa ń hù láàárín koríko. Ẹ ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn kí àdá má baà kàn wọ́n.

Ẹ ṣán ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun ún. Ewé ẹ̀kan nìkan ni iná ń jó. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ láìfarapa, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tún rú.

Ẹ̀kan yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó ní oríkèé bí ìrèké, orí rẹ̀ sì mú débi pé ó lè gún iṣu wọnú. Èyí tó bá ní oríkèé kan péré tí ẹ gbàgbé sílẹ̀ lè hù padà. Nítorí náà, ẹ wọn ibi kékeré, bí ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú àti 10 ní òòró, kí ẹ fi ọkọ́ tú u jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, ẹ ṣà á, ẹ sá a sórí páànù títí yóò fi máa dá pẹ́kẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ padà wá ṣa èyí tó bá yọjú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kàn máa ṣán ìyókù ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ ni.

Ewé Akíntọ́lá ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fà á tu nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kó tó so èso, kí ẹ jẹ́ kí ewé rẹ̀ jẹrà di ajílẹ̀.

Ẹ sọgbà yí ibi tí ẹ ti tú náà ká kí ẹ tó gbin ohunkóhun, torí ewúrẹ́ àdúgbò ò ní bi yín léèrè. Ewúro tí ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà náà yóò hù. Ẹ kọ ebè gbọọrọ, kí ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kò rùn mọ́. Tútù rẹ̀ a máa jó ẹ̀fọ́.

Ẹ fi tẹ̀tẹ̀ àti ewédú bẹ̀rẹ̀. Èèpo irúgbìn ewédú le, ìyẹn ni kì í fi í tètè hù. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tí ẹ ti sọ̀ kúrò lórí iná, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sá a síbi tí ìbòòji wà. Bó bá gbẹ, ẹ pò ó mọ́ yanrìn kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà kóra jọ sójú kan. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ bí òjò bá dá, pàápàá lóṣù kẹjọ.

Tẹ̀tẹ̀ á ti tó jẹ ní bí ọ̀sẹ̀ 4, ewédú ní bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ má fa ewédú tu. Ẹ gé e, kí ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀ kù díẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Bí ẹ bá ti gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ọkọ́ bọ́ sí ibi kékeré tó kàn.