Ẹ má fi owó ilé òkè òkun ṣòfò láti Àbújá

Mo máa ń bá àwọn èèyàn wa ní Àbújá tó fẹ́ ra ilé ní Ìlú Ọba àti Dùbáì ṣètò ìwé. Ó ti sú mi pé ìgbà tí owó bá ti há ni wọ́n tó ń pè mí. Owó tó ń há yìí kì í ṣe owó olè. Owó ìfẹ̀yìntì ni, owó ilẹ̀ ni, owó àjọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkíní: ilé ní London kì í fún èèyàn ní físà. Ti Dùbáì lè ṣe é, físà ọdún 10, bí owó ilé bá tó mílíọ̀nù 2 dirham.

Ìkejì: ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá òfin gbà yín láyè. Láti January 2023 ni Kánádà ti fòfin de àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú láti ra ilé gbígbé nínú àwọn ìlú ńlá wọn, wọ́n sì ti sún un dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027. Ní Gánà, àlejò kò lè gba ilẹ̀ ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìkẹta: ọ̀pọ̀ fláàtì ní England, iye ọdún tí ẹ máa fi lò ó ni ẹ ń rà, ẹ kò ra ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọdún 99 ni C of O Àbújá, ẹ bèèrè iye ọdún tó kù. Bó bá ti dín ní 80, owó tí wọ́n fi ń fà á gùn máa ń wọ́n sí i.

Ìkẹrin, èyí tó ń bí mi nínú jù: ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2017 kàn án nípá fún lọ́yà tó ń bá yín ra ilé láti wádìí ibi tí owó ti wá. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ Nàìjíríà. Bí kò bá wádìí, òun fúnra rẹ̀ lè dèrò ilé ẹjọ́. Ó fẹ́ rí ipa owó náà kedere: láti ọwọ́ ẹni tó ra ilẹ̀ yín, sínú akáǹtì yín, sínú akáǹtì tirẹ̀.

Kí ni àwọn èèyàn wa wá ń ṣe? Wọ́n á gbé náírà lọ bá abókí tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4, Wuse. Náírà á dúró sí Àbújá, ẹlòmíì tó ní pọ́n-ùn lọ́hùn-ún á san án fún lọ́yà. Owó á dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti akáǹtì ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Àlàájà kan tó ń gbé ní Kubwa ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Lugbe kó lè ra fláàtì sítòsí ọmọ rẹ̀ ní Manchester. Mo rí ìwé ilẹ̀ náà, ojúlówó ni. Wọ́n sọ fún un pé báńkì máa pẹ́, ló bá gba Zone 4 lọ. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó náà fi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ọ̀kan sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Lọ́yà dá iṣẹ́ dúró, kò sọ ìdí. Àwọn ọmọ Àlàájà bú u, wọ́n ní ó fẹ́ jí owó ìyá àwọn. Wọn ò mọ̀ pé bí lọ́yà bá ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ìjọba létí, òfin kà á léèwọ̀ fún un láti sọ fún oníbàárà. Ẹni tó ni fláàtì kò dúró dè wọ́n. Ní England, kí ẹ tó pààrọ̀ ìwé àdéhùn, ó lè tà á fún ẹlòmíì, ohun tó sì ṣe nìyẹn. Owó àyẹ̀wò ilé tí Àlàájà ti san wọlẹ̀. Obìnrin yìí kò jalè, kò sí ìdí tó fi yẹ kó máa sunkún níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ra ilẹ̀ yín san owó sí báńkì, ẹ má gbà á lọ́wọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá dá owó kún un, kó kọ̀wé pé ẹ̀bùn ni, kó sì mú ìwé báńkì tirẹ̀ wá. Ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ. Ẹ bi lọ́yà ọ̀nà tí owó máa gbà wọlé kí ó tó kúrò ní Àbújá, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Owó orí ńkọ́? Láti April 2021, ẹni tí kò gbé ní Ìlú Ọba ń san àlékún ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá ra ilé ní England. Ẹni tó bá ti ní ilé mìíràn tún ń san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, láti ìparí October 2024. Ilé yín ní Gwarinpa wà lára ilé mìíràn yẹn, nítorí ibikíbi láyé ni wọ́n ń kà. Lórí ilé 200,000 pọ́n-ùn, àlékún méjèèjì jẹ́ 14,000 pọ́n-ùn, owó orí gan-an ò tíì sí níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbé àwòrán ilé Dùbáì wá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Maitama: ẹ má san owó sí akáǹtì agẹ́ńtì láé. Bí wọn ò bá tíì kọ́ ilé náà tán, akáǹtì escrow tirẹ̀, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé náà nìkan, ni owó ń lọ, òfin ibẹ̀ ti là á kalẹ̀ láti ọdún 2007. Ẹ sì ya ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé sọ́tọ̀ fún ìforúkọsílẹ̀.

Ẹ háyà surveyor, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ilé wò. Àbúrò yín tó lọ ya fọ́tò kò lè rí ọ̀rinrin inú ògiri.

Bí ẹ bá sì ń ronú ogún: ilé tó wà ní England wà lábẹ́ owó orí ogún ibẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá kọjá 325,000 pọ́n-ùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni olówó rẹ̀ ń gbé. Ẹ bi lọ́yà nípa rẹ̀ kí ẹ tó pinnu orúkọ ẹni tí ilé náà máa jẹ́.