Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ajá rìn ládùúgbò láì da ẹ̀mí èèyàn légbodò

Ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù lẹ́nu ẹni tó ní ajá ni "ẹ má bẹ̀rù, kì í gé èèyàn jẹ". Ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà Bódìjà, tó ru ẹrù sórí, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé Bingo yín kì í géèyàn jẹ? Eyín lòun rí o.

Okùn ni ká kọ́kọ́ sọ. Èyí tí ò gùn ju mítà 2 lọ ló dáa, ẹ má sì wé e mọ́ ìka láéláé. Ojú mi ló ṣe: Alsatian tí mò ń mú rìn rí ewúrẹ́ kan létí gọ́tà, kí n tó ṣẹ́jú mo ti wà nílẹ̀, slípáàsì mi kan wà láàárín títì, ìkejì wà ní gọ́tà, ewúrẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Aago 6 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa jáde, èèyàn ò tíì pọ̀, ọ̀dà títì ò sì tíì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ajá.

Tẹ́ ẹ bá rí èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ tètè fa okùn yẹn kúrú, ẹ bọ́ sí òdìkejì, tí àyè ò bá sí kí ajá wà lápá ògiri kí ẹ̀yin wà láàárín òun àti ẹni yẹn, kẹ́ ẹ wá kí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i! "Ẹ káàárọ̀ mà." Ẹni tó ń dáhùn ìkíni kì í sábàá sá, ẹni tó bá sì sá ni ajá máa ń fẹ́ lé. Tó bá jẹ́ mọ́sálásí lẹni náà ń lọ, ẹ jìnnà sí i dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn, tí itọ́ ajá bá kan aṣọ wọn, wọ́n máa fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kírun.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Wọ́n á pariwo "Bingo! Bingo!", wọ́n á sọ òkò, wọ́n á wá sá. Ẹ má bú wọn, ẹ dúró, ẹ ní kí ajá jókòó (ilé lẹ ti máa kọ́ ọ, pẹ̀lú ẹran kékeré lọ́wọ́), kẹ́ ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró bí igi.

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ńkọ́? Ajá tó ti pé oṣù 3 ti tó gbà á, ẹ máa tún un gbà lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ ya fọ́tò káàdì ẹ̀ sórí fóònù. Tó bá wá ṣèèṣì gé èèyàn jẹ, ẹ má dúró máa ṣàlàyé: ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹnikẹ́ni má fi epo tàbí ewé bò ó, ẹ gbé ẹni náà lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀yin lẹ máa sanwó. Tí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é.

Ó wá ku ìgbẹ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, ẹ kó o, ẹ yí i padà, ẹ so ó, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Èmi máa ń mú náílọ́ọ̀nù méjì dání, torí ọjọ́ tí mo bá mú ẹyọ kan náà ló máa yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.