Ọmọ mẹ́sàn-án tí a ò kà: ìrírí mi lórí ètò ààyè ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ní England

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án 2023, ìyá kan pè mí ní ọ́fíìsì. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń sọ, àmọ́ bí mo ṣe dárúkọ ara mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Yorùbá ni yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá bú sẹ́kún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì máa sọ̀rọ̀, ariwo ò sì bá a lára mu rárá. Ìwé EHCP rẹ̀, ìyẹn ìwé tí káńsù fi ń kọ ìrànlọ́wọ́ àkànṣe tí ọmọ nílò sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ti jáde láti oṣù keje. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ti wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, òun nìkan ló kù sílé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n ní kí n gbé e lọ?"

Mi ò rí èsì fún un, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní káńsù kan ní England ni mo wà. Àwa la máa ń ṣírò iye ààyè tí àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe yóò nílò lọ́dún méjì, mẹ́ta, márùn-ún sí i, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó máa gbà wọ́n lè wà nítòsí ilé wọn. Lọ́dún yẹn, ọmọ mẹ́sàn-án ló yẹ kó wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a ò rí ibi fi sí. Ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe tó wà lágbègbè wa ti kún. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni la ti ń ra ààyè fún wọn kiri, àwọn kan tiẹ̀ wà lábẹ́ káńsù mìíràn. Takisí ló ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin, wákàtí kan nínú ọkọ̀ láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́!

Ẹ wá gbọ́ iye owó. Nígbà tí National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, gbé ìròyìn wọn jáde lóṣù kẹwàá 2024, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ààyè ọmọ kan nílé-ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba ń gba nǹkan bí £23,900 lọ́dún, ti aládàáni sì ń gba £61,500. Takisí ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò yà mí lẹ́nu, torí èmi ni mo ń rí àwọn ìwé owó náà tó ń wọlé.

Inú bí mi gan-an. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ń pọ̀ sí i. Lóṣù kìn-ín-ní 2015, àwọn tó ní irú ìwé yìí ní England ò ju nǹkan bí 240,000 lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n ti di nǹkan bí 576,000. Ohun tí káńsù wa ò mọ̀ ni ibi tí àwọn tiwa ń gbé àti ọdún tí wọ́n máa dé. Kí nìdí? Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò ni. A máa ń mú orúkọ àwọn tó ti ní EHCP, èyí tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SEN2, a ó fi ìdá mélòó kan kún un, ó parí. Ọmọ ọdún méjì kì í sábà ní EHCP. Òfin fún káńsù ní ọ̀sẹ̀ ogún láti ìgbà tí wọ́n bá ti béèrè títí di ìgbà tí ìwé bá jáde, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í béèrè títí ọmọ yóò fi wọ nọ́sìrì. Ẹ̀rùn tó yẹ kí ọmọ wọlé gan-an ni orúkọ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ètò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Wọ́n gbà.

Ti àwọn tó ti wà nílé-ẹ̀kọ́ ò le, mi ò ní fi í gba àkókò yín. Kíláàsì kan ń wọ inú èkejì lọ́dọọdún. Kí ẹ sáà ti fojú sí Year 5 àti Year 6, torí ọmọ tó bá ń lọ sí Year 7, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí 15 February tó kọjá ló ti gbọ́dọ̀ rí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tuntun nínú EHCP. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi parí ìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni iṣẹ́ ti há mọ́ mi lọ́wọ́.

Òfin Children and Families Act ti 2014, ní abala 23, sọ ọ́ láìfi bò pé bí àwọn elétò ìlera bá rí i pé ó jọ pé ọmọ tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ máa nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, kí wọ́n sọ fún òbí, kí wọ́n sì jẹ́ kí káńsù mọ̀. Ìyẹn ni pé ó yẹ kí orúkọ wọn ti wà lọ́wọ́ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹ̀ka yìí ní kí n lọ bi tọ̀hún, tọ̀hún ní kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí n tó mọ̀ pé àpótí ímeèlì kan ni àwọn lẹ́tà tí àwọn elétò ìlera ń kọ sí wa ń wọ̀, àti pé ẹni tó ń bójú tó o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ṣí i fún mi. Àwọn lẹ́tà náà wà níbẹ̀, a ò tíì ṣí ọ̀pọ̀ wọn rí. Fọ́tò ìwé ni púpọ̀ nínú wọn, kọ̀ǹpútà ò lè wá ọ̀rọ̀ nínú wọn, òmíràn ò ní ọjọ́ ìbí. Mo jókòó, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, mo kan lẹ́tà kan tó jẹ́ ti ọmọ ìyá tó pè mí yẹn. Wọ́n ti kọ ọ́ sí wa nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ó lé ní ọdún kan ààbọ̀ tó ti wà níbẹ̀. Mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn lẹ́tà náà ò tiẹ̀ pé, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ni dókítà kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìdàgbàsókè ọmọ ní ilé ìwòsàn, mo ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn. Àṣìṣe mi nìyẹn. Bí mo ṣe béèrè orúkọ, ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà. Àwọn ní àfi kí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lọ́yà tiwa ní fọ́ọ̀mù tiwa ni kí a lò, tiwọn ní tiwọn. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i wà ní ìsinmi. Nígbà tó dé, ó ní kì í ṣe òun. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì ni mo fi ń kọ ímeèlì ìránnilétí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn ń dàgbà. Nígbà tó sú mi, mo ní kí wọ́n má fún mi ní orúkọ mọ́, kí wọ́n fún mi ní iye ọmọ lásán. Ká ní ohun tí mo kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, mi ò bá má pàdánù oṣù mẹ́ta.

Iye náà dé. Mo sáré ṣí i. Tábìlì gígùn kan ni: orúkọ àdúgbò lápá òsì, ọdún ìbí lókè, àmì ìràwọ̀ sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ní ibikíbi tí iye ọmọ bá ti dín sí márùn-ún, àwọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọmọ náà mọ̀. Ìlànà tó dáa ni fún ìwé tí gbogbo ayé máa kà. Ṣùgbọ́n nínú àdúgbò kan ṣoṣo, lọ́dún ìbí kan ṣoṣo, ọmọ mélòó ló máa wà níbẹ̀? Ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta. Gbogbo ohun tí mo ń wá ló wà lábẹ́ ìràwọ̀. Nọ́ńbà méjì péré ni ojú mi rí nínú gbogbo tábìlì náà. Èyí tó tún wá mú un burú ni pé oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kejìlá ni wọ́n fi pín ọdún ìbí, bẹ́ẹ̀ 1 September sí 31 August ni ọdún ilé-ẹ̀kọ́. Ká tiẹ̀ ní kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀, kì bá tí wúlò fún mi.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo gbé fóònù.

Nọ́sìrì mọ́kànlélógójì ló wà lábẹ́ káńsù wa. Mo pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: nínú àwọn ọmọ yín tí wọ́n bí láàárín 1 September 2020 sí 31 August 2021, mélòó ni ẹ rí pé kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ máa ju agbára rẹ̀ lọ? Mi ò gba orúkọ. Oṣù ìbí àti apá àkọ́kọ́ postcode nìkan ni mo gbà, kí n má baà ka ọmọ tó ń lọ sí nọ́sìrì méjì lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ Portage tó máa ń lọ bá àwọn ọmọ yìí ṣeré nílé òbí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Obìnrin kan tó ni nọ́sìrì sọ fún mi pé ogún ọdún lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ó ní mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá àwa Yorùbá tó wà níbí sọ ọ̀rọ̀ kan. Lára àwọn òbí tí mo bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn Portage, àwọn tiwa ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúró. Wọ́n á ní bàbá ọmọ náà ò tètè sọ̀rọ̀, pé tó bá yá yóò sọ. Ó lè sọ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ọmọ yín fún EHCP. Kò di dandan kí dókítà ti fún àìsàn náà lórúkọ, kò di dandan kí ilé-ẹ̀kọ́ bá yín kọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni káńsù gbọ́dọ̀ sọ bóyá àwọn máa ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ kọ̀wé, kí ẹ máa gbàdúrà lọ.

Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, mẹ́tàlélógún ni àwọn nọ́sìrì pè é fún oṣù kẹsàn-án 2025. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn tún tábìlì wọn ṣe, gbogbo àdúgbò lápapọ̀, láìsí ìràwọ̀: mọ́kànlélógún. Méjìlá ni ìṣirò wa àtijọ́ ì bá pè é. Mo kọ méjìlélógún sínú ètò.

Ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe wa lè gba mẹ́wàá lọ́dún. Ẹnì kan ní ìpàdé sọ pé ìwé fi hàn pé wọ́n ṣì láyè, kí a fún mẹ́jọ sí i mọ́ wọn. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Yàrá tí wọ́n fi ń tu ọmọ lára ti di kíláàsì, inú kọ́rídọ̀ ni wọ́n sì ti ń na ẹsẹ̀ ọmọ kan. Mo padà wá sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kan mẹ́jọ yẹn mọ́.

Ó ku méjìlá, ìyẹn sì kan ọdún kan ṣoṣo, torí àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ka àkànṣe kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, tó gba méjìlá, máa kún lọ́dún àkọ́kọ́, a ó sì tún padà sídìí takisí. Ẹ̀ka mẹ́ta ni mo béèrè, nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tó sún mọ́ ibi tí àwọn ọmọ náà pọ̀ sí jù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gba mẹ́rin lọ́dọọdún títí kíláàsì méjèèje yóò fi ní tiwọn. Ìkéde, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí òfin fi sílẹ̀ fún aráàlú láti sọ tẹnu wọn, ilé kíkọ́: gbogbo ìyẹn lọ bó ṣe máa ń lọ.

Lóṣù kẹsàn-án 2025, ọmọ mọ́kànlélógún ló dé. Gbogbo wọn wọlé. Kò sí ẹyọ kan tó kù sílé. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó bímọ. Ààyè kan tó ṣẹ́ kù, ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìlú mìíràn ló gbà á lóṣù kọkànlá.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbà láti mú ọmọ Year 2 kan mọ́ tiwọn, kí a lè dá ọ̀kan padà nínú àwọn tí a kó lọ jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí ilé ìyá tó pè mí ní 2023 yẹn. Èmi fúnra mi ni mo pè é.

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ó ti mọ olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ń pe orúkọ rẹ̀. Mi ò lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí mà."

Mo ní, "Mo gbọ́, àbúrò mi." Mo fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ìwé takisí.